Ẹni Kẹsàn-án Inú Ọkọ̀ Lucius Tarver

Ìwé tí Lucius Tarver fẹ́ràn jù láyé kò ní èèpo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ọjọ́ tó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ní Huntsville, ilé ìtajà oògùn tó wà láàárín ìlú a máa ta ìwé olówó pọ́ọ́kú. Èyí tí kò bá tà, wọn a ya èèpo rẹ̀ kúrò, wọn a fi èèpo nìkan ránṣẹ́ padà sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, wọn a sì da ìyókù sí ààtàn. Àbúrò bàbá Lucius ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú ọ̀kan bọ àpò, ó gbé e wá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Lucius rí i gbà, àmọ́ ọgọ́ta ọdún ni ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni. Kì í ṣe irú èyí tí òǹkọ̀wé máa ń sọ ohun tó bá ti wá sí i lẹ́nu. Nínú irú tí Lucius ń kà, bí òǹkọ̀wé bá ní ọkọ̀ gbéra, dandan ni kó sọ bí ọkọ̀ ọ̀hún ṣe wúwo tó àti iye epo tó jó, kí òǹkàwé tó mú pẹ́ńsùlù dání lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìwé yìí, ọkọ̀ òfuurufú kan ń bọ̀ wálé láti ìkọjá pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Òkúta kan tí kò tóbi ju ẹyin lọ lu àgbá afẹ́fẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ tó kù yóò tó èèyàn mẹ́jọ mí fún ọjọ́ méjìléláàádọ́rin. Ọ̀nà ilé sì jẹ́ ọjọ́ méjìléláàádọ́rin géérégé. Ọ̀gá ọkọ̀ kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní, “Kò sí èémí kan tó ṣẹ́kù.” Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kó má bàa fi ọjọ́ kan pẹ́ lọ́nà: àga, bàtà, ìwé dókítà. Wọ́n fá irun orí wọn, wọ́n wọn irun náà, wọ́n kọ bó ṣe wúwo tó sílẹ̀, wọ́n dà á síta. Òǹkọ̀wé yẹn kì í ṣeré.

Aláwọ̀ funfun ni gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà. Òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ sọ ọ́. Ó gbà pé a ti mọ̀. Ìyẹn kò dí Lucius, ọmọ aláwọ̀ dúdú, lọ́wọ́. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga atọ́nà, ẹni tó ń ṣírò ibi tí ọkọ̀ máa gbà, kò sì tíì dìde níbẹ̀ dòní.

Lásìkò yẹn, bí wọ́n bá ń dán ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì wò lẹ́yìn ìlú, gbogbo fèrèsé àdúgbò a máa gbọ̀n, ìyá Lucius a sì sáré lọ di abọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí Lucius dàgbà, ilé iṣẹ́ tó ń gé irin fún àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ló wọ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìntì. Ó fẹ́ Corinne, wọ́n bí Idella, ọmọ kan ṣoṣo. Kí ọmọ náà tó mọ ìwé kà dáadáa ni bàbá rẹ̀ ti fi pẹ́ńsùlù sí i lọ́wọ́. “Má gbà á gbọ́,” ni yóò wí fún un. “Bi í léèrè. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò ní bínú.” Idella ka àwọn ìwé bàbá rẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn náà ó pa wọ́n tì, ó ní òun kò rí ẹnì kankan tó jọ òun nínú wọn. Orin ló lọ kọ́. Olùkọ́ orin ni ní Atlanta báyìí.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Huntsville tó máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ìwé bí ti Lucius ni wọ́n ń kà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọmọ ẹgbẹ́ kan a gbé ìwé àtijọ́ kan sórí tábìlì, àwọn yòókù a sì fi ìṣirò bo ìwé náà láti wá àṣìṣe inú rẹ̀. Bó bá wó, olówó rẹ̀ a gbé e padà sílé. Bó bá dúró, wọn a gbé e sórí pẹpẹ kan lẹ́bàá fèrèsé, wọn a sì kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá sábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, ìwé márùn-ún péré ló wà lórí pẹpẹ yẹn. Orúkọ aláwọ̀ dúdú kankan kò sí níbẹ̀. Lucius kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé kan tí ojú rẹ̀ kò lọ síbẹ̀.

Ó ti lè gbé ìwé rẹ̀ wá tipẹ́. Àmọ́ Lucius kì í ṣe ẹni tó ń gbé ọjà tí kò tíì wọ̀n lọ sọ́jà. Ó yẹ epo wò, ó yẹ eré ọkọ̀ wò, ó yẹ ìwúwo irin wò. Nígbà tó di ọdún yìí, kò rí ohun tó kù láti yẹ̀ wò mọ́, ló bá sọ fún ẹgbẹ́ pé òun ti ṣetán.

Ọ̀sẹ̀ ìpàdé náà gan-an ni Idella wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Corinne ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé sì ti tóbi jù fún ẹnì kan. Ọjọ́ kejì tó dé, Idella rí ìwé tí kò ní èèpo náà lórí tábìlì ìdáná, ó ní òun máa kà á, kí òun mọ ohun tí bàbá òun fẹ́ tìtorí ẹ̀ wọ kóòtù. Wọ́n jókòó sí gọ̀bì iwájú ilé lọ́sàn-án, abọ́ ẹ̀pà sísè wà láàárín wọn. Lucius ń díbọ́n pé ìwé ìròyìn lòun ń kà.

“Dádì, wọ́n ń mu sìgá nínú ọkọ̀ yìí.”

“Gbogbo ayé ló ń mu sìgá nígbà yẹn.”

“Afẹ́fẹ́ ń tán lọ, wọ́n ń mu sìgá.”

“Máa kà á lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ máa kó gbogbo sìgá yẹn dànù.”

Ó kà á lọ. “Ó kó o dànù torí pé ó wúwo.”

“Ṣebí sìgá ti lọ. Kí lo tún ń fẹ́?”

Idella bọ́ ẹ̀pà méjì, ó jù wọ́n sẹ́nu. “Kọ̀m̀pútà wọn tóbi tó ilé ìdáná wa, rúlà onígi tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn ni atọ́nà sì fi ń ṣírò.”

“Fi rúlà yẹn sílẹ̀. Rúlà yẹn ló gbé wa dé òṣùpá.”

“Ẹ̀yin àti ta?”

“Èmi àti àwọn tó kù.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí òjìji igi fi dé ẹsẹ̀ wọn. Inú Lucius dùn ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lọ, torí pé ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti bá a jiyàn lórí ìwé kẹ́yìn. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó yọjú lókè ìwé ìròyìn. Idella ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó ń ṣí i síwájú, ó tún ń ṣí i padà sẹ́yìn.

“Dádì, èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yìí?”

“Mẹ́jọ.”

“Ẹ kà wọ́n fún mi.”

Lucius na ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n ní kó ka orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. “Ọ̀gá ọkọ̀. Igbákejì rẹ̀. Atọ́nà. Dókítà. Mẹkáníìkì méjì. Onírédíò. Àti awakùsà arúgbó yẹn tó máa ń fi Bíbélì bú èèyàn. Mẹ́jọ.”

“Ta ló gbé kọfí wá fún ọ̀gá ọkọ̀ lójú ìwé kejìlá?”

“Vivian ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n dókítà.”

Ó ti wí i tán kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti pín afẹ́fẹ́: ọkùnrin mẹ́jọ. Ó wá ibi tí wọ́n ti wọn gbogbo ara: orúkọ mẹ́jọ. Ó tún wá ibi irun.

“Wọ́n wọn irun orí wọn,” ni Idella wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Wọn ò wọn Vivian. Wọn ò fún un ní afẹ́fẹ́. Atọ́nà sì fẹ́ ẹ níyàwó lójú ìwé tó gbẹ̀yìn. Obìnrin tí kò mí fún oṣù méjì ó lé ló fẹ́.”

“Kí ló dé tí o ò lè ka ìwé bí èèyàn?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má kà á bí èèyàn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sí mi lọ́wọ́.”

Lucius dìde, ó wọlé. Ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó pín afẹ́fẹ́ náà sọ́nà mẹ́sàn-án. Ìṣirò tí kò le ni. Afẹ́fẹ́ tán lọ́jọ́ kẹrìnlélọ́gọ́ta. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n délé, gbogbo wọn sì ti kú, àti ọ̀gá ọkọ̀, àti dókítà, àti atọ́nà lórí àga rẹ̀.

Ohun tó dùn ún kì í ṣe pé òǹkọ̀wé ṣìṣe. Òǹkọ̀wé a máa ṣìṣe. Ohun tó dùn ún ni pé òun ti wà nínú ọkọ̀ yẹn láti ìgbà ọmọdé, òun tí wọn kò pè, òun tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, Vivian sì ń gbé kọfí fún òun ní gbogbo àkókò náà, òun kò kà á mọ́ èèyàn. Ó wá rántí Corinne. Nígbà tí Idella ṣì kéré, Lucius ń ròyìn ọkọ̀ náà fún wọn nídìí oúnjẹ, Corinne sì bi í pé, “Ta ló ń fọ abọ́ níbẹ̀?” Lucius rẹ́rìn-ín, ó ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ. Ìbéèrè gidi ni ìyàwó rẹ̀ bi í, ó fi ẹ̀rín san án.

Lọ́jọ́ kejì Idella wá bá a nínú ọgbà, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ gé koríko tí kò tíì hù dáadáa.

“Mi ò ní tẹ̀ lé yín lọ lọ́jọ́ Sátidé,” ló wí. “Ẹ gbé ìwé yín lọ. Àwọn yẹn ti ń kà á látọdún wo, wọn ò rí i. Wọn ò ní rí i báyìí náà. Pẹpẹ yẹn tọ́ sí yín, Dádì.”

Lucius pa ẹ́ńjìnnì. Irọ́ ni ká sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ó rò ó. Ó rí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ìwé náà lẹ́bàá fèrèsé, ó rí ọmọdé aláwọ̀ dúdú kan tó wọlé wá ka orúkọ ọ̀hún. Gbogbo ohun tí yóò ná an kò ju kó dákẹ́ lọ. Lójú ẹlòmíràn, ọjà rere nìyẹn. Ó tan ẹ́ńjìnnì padà, ó gé koríko lọ dé ibi ọgbà aládùúgbò, ó sì gé e padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Idella, ó tún pa á.

“Wàá tẹ̀ lé mi. Wàá dìde, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Èmi náà á bá ọ jà.”

“Ẹ máa bá mi jà?”

“Mo gbé ìwé wá, mo gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀. Ìlànà nìyẹn. Má fojú àánú wò mí o. Tó o bá gbá a fẹ́rẹ́, màá mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé ẹ máa ṣubú.”

“O ò tíì rí mi níbi tí mo ti ń jà.”

Lọ́jọ́ Sátidé, yàrá ẹ̀yìn kún. Alága wọn, Wendell Haverty, ti ṣe ẹnjiníà rọ́kẹ́ẹ̀tì títí irun rẹ̀ fi tán, ìwé tó sì ti wó lójú ayé rẹ̀ kò lóǹkà. Òun àti Lucius ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín. Òun ló kọ́kọ́ dojú kọ ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí epo. Lucius dá a lóhùn. Ó bọ́ sórí bí ọkọ̀ ṣe yí gba ẹ̀gbẹ́ òṣùpá. Lucius dá a lóhùn, ó sì tún ọ̀kan nínú ìṣirò Wendell fúnra rẹ̀ ṣe lójú pátákó, tí gbogbo èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Àwọn míràn gbìyànjú. Ìwé kò mì.

“Ó jọ pé ẹranko yìí ò fẹ́ kú,” ni Wendell wí. “Ṣé ó ku ẹni tó ní ọ̀rọ̀?”

Idella dìde. “Ẹ káàsán, sà. Idella Tarver lorúkọ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ bá mi ka àwọn tó wà nínú ọkọ̀.”

Wendell ka mẹ́jọ. Idella béèrè ẹni tó gbé kọfí wá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹnì kan lẹ́yìn fi mí kanlẹ̀. Ojú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí yíká tábìlì bí ìgbà tí ẹyẹ bá gbéra. Idella lọ sídìí pátákó, ó pín afẹ́fẹ́ sọ́nà mẹ́sàn-án, ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n kú síbẹ̀.

Lucius dìde. “Obìnrin kékeré ni Vivian. Òǹkọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wọlé. Kò lè mí tó ọkùnrin.”

“Ẹ fún un ní ìdajì,” ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. “Mo gbà. Ìdajì èémí ọkùnrin kan.” Ó ṣírò rẹ̀ lójú wọn. “Afẹ́fẹ́ ṣì tán ní ọjọ́ mẹ́rin ó lé kí wọ́n tó délé.”

“Ẹni tó bá ń sùn kì í mí púpọ̀. Ìwé ò sọ pé kò sùn.”

“Dádì, gbogbo ìgbà tó bá yọjú nínú ìwé yìí, kọfí ló gbé dání. Ìgbà wo ló ráyè sùn?”

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá. Lucius fúnra rẹ̀ fẹ́ rín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ronú kan àwọn ewéko inú ọkọ̀, kò sí ewéko nínú ọkọ̀ náà. Ó ronú kan àgbá afẹ́fẹ́ kejì, ojú ìwé mẹ́rin gbáko ni òǹkọ̀wé fi ṣàlàyé pé kò sí àgbá kejì. Gbogbo ọ̀nà tó fẹ́ gbà, òǹkọ̀wé ti dí i tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ yẹn lè jẹ́ òótọ́. Ó jókòó.

Wendell ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. “Ọmọbìnrin wa gbọ́n, mo kí i. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìṣirò, àṣà ayé ìgbà yẹn ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí obìnrin ṣe rí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Bí àwòrán ara ògiri ni. A ò lè fi ojú òní wo ìwé àná. Epo pé, irin pé, ọ̀nà pé. Mo ní ká dìbò pé ó dúró. Ó tó àkókò kí orúkọ Lucius wà lórí pẹpẹ yẹn.”

Tinútinú ló fi sọ ọ́. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Lucius wo yíká, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti tó. Idella padà sórí ìjókòó rẹ̀, kò wo bàbá rẹ̀, ó ń nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sára yẹ̀rì.

“Wendell,” ni Lucius wí, “sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀.”

“Ìwé rẹ la ń gbà là.”

“Mo mọ̀. Sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán ara ògiri ni, kí nìdí tí wọn ò fi wọ̀n ọ́n kí wọ́n jù ú síta? Wọ́n wọn bàtà. Wọ́n wọn irun tí wọ́n fá. Ẹni tó bá ń mí, ìṣirò ni. Kò sí ẹni tó ń mí tó jẹ́ àṣà.” Ó gbé ìwé náà sókè. “Ẹ ní ojú òní ló fi wò ó. Ojú ìwé náà gan-an ló fi wò ó. Ìwé yìí ló ní kò sí èémí kan tó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ tó fi ń yangàn nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wá bá a fi ẹyọ kan kún un lẹ́yìn.”

Ọwọ́ ń rọ̀ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìwọ fúnra rẹ lò ń wó o,” ni Wendell wí.

“Èmi kọ́. Ẹ má gba iṣẹ́ oníṣẹ́ fún mi. Idella Tarver ló wó o. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́. Kí wọ́n tó tú ká, Wendell wá bọ Idella lọ́wọ́, ó ní àga kan ṣófo nínú ẹgbẹ́, ó sì ní ìwé kan wà tí òun fúnra òun fẹ́ gbé wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ kà á kí ojú tó ti òun.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wó ló máa bọ́ ẹni tó wó o. Lucius wa ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ tó wà létí odò, níbi tí wọ́n ti ń din ẹja àrọ̀ nínú ìyẹ̀fun àgbàdo. Ìwé náà wà lórí tábìlì láàárín àwọn ife tíì oníyìnyín.

“Dádì, ẹ má bínú.”

“Sí kí ni?”

“Ẹ ti ń retí pẹpẹ yẹn látọjọ́ yìí.”

“Mo ń retí rẹ̀. Ìyẹn ti tán.” Ó ya ẹja sí méjì, ó ti èyí tó tóbi sọ́dọ̀ rẹ̀. “Gbọ́. Àwọn tó gbé èèyàn lọ sójú òṣùpá wà nínú yàrá yẹn lónìí. Wọ́n ti ka ìwé yìí kí wọ́n tó bí ọ. Èmi náà kà á títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á lórí. Ọ̀sán kan lo fi rí ohun tí gbogbo wa ò rí, nítorí pé o béèrè. Mo fẹ́ kí orúkọ Tarver wà nínú yàrá yẹn. Ó ti wà níbẹ̀.”

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri, tó ti mọ Lucius tipẹ́, dúró tì wọ́n, ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ nǹkan míì. Lucius fi àgbọ̀n tọ́ka sí Idella.

“Ẹ rí èyí? Ọmọ mi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ìwé mi lulẹ̀ lójú gbogbo ìlú ni.”

“Ṣé ìdí tínú yín ṣe ń dùn báyìí nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Tarver?”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi fi ẹja méjì kún tiẹ̀.”

Idella fi ọwọ́ bojú. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún gbogbo ayé.”

Lucius ti yíjú sí tábìlì kejì, níbi tí tọkọtaya àgbàlagbà kan ti ń jẹun jẹ́jẹ́ẹ́ wọn. “Ẹ forí jì mí,” ló wí fún wọn, “mi ò mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mi ṣe lónìí.”